Àgùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé sí ilé-ẹ̀kọ́: ṣé kó kúkú di tíṣà, àbí kó wá nǹkan mìíràn ṣe?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Bayokẹ́mísírì ni mo kà jáde. Ìpínlẹ̀ Niger ni mo ti ń sìnrú ìlú lọ́wọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ni wọ́n gbé mi sí, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ wọn. Ó ku oṣù díẹ̀ kí n parí. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní kí n dúró ti àwọn, pé òun á bá mi ṣe é. Bàbá mi ní òun kò rán mi lọ yunifásítì kí n wá máa gbé eruku ṣọ́ọ̀kì mì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n forúkọ sílẹ̀ fún ètò tó ń rán èèyàn lọ kọ́ ọmọ fún ọdún méjì. Kí n má purọ́, mo ń gbádùn kíláàsì yẹn. Ṣùgbọ́n ṣé iṣẹ́ tíṣà lè jẹ́ iṣẹ́ fún ẹni tó kàwé gboyè, àbí ibi téèyàn ń forí pamọ́ sí títí iṣẹ́ gidi á fi yọjú ni?

* * *

Àbúrò mi, jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yẹn wò, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ àgùnbánirọ̀ tó fọdún ṣòfò. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kì í gba èèyàn síṣẹ́. Kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni àjọ tó ń gba olùkọ́ girama wà. TESCOM là ń pe tiwa ní Ọ̀yọ́, SUBEB sì ló ń rí sí ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn náà ò tún lè dá a ṣe, àfi tí gómìnà bá fọwọ́ sí i, tí wọ́n bá kéde rẹ̀, tí wọ́n ṣèdánwò, tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò. Ọdún lè gorí ọdún kí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ tó jáde.

Ohun tó wà ní ìkáwọ́ ọ̀gá yẹn ni pé kó fi ọ́ ṣe tíṣà PTA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn òbí àti olùkọ́. Owó táwọn òbí bá dá ni wọ́n á fi máa fún ẹ ní nǹkan. Lóṣù tówó bá wọlé, wàá gbà. Lásìkò tí irè oko ò tíì dé ọjà, ẹ ṣì máa bára yín sọ̀rọ̀. Kò sí ìgbéga níbẹ̀, kò sí owó ìfẹ̀yìntì, lẹ́tà tí wọ́n fún ẹ náà ò sì ní òǹtẹ̀ ìjọba lára.

Mi ò sọ pé ó fẹ́ tàn ẹ́ o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwọ nìkan lo mọ kẹ́mísírì nílé-ẹ̀kọ́ yẹn, tó sì mọ̀ pé bó o bá ti gbé àpótí rẹ, àwọn ọmọ SS3 rí iṣẹ́ nídìí WAEC nìyẹn. Àánú àwọn ọmọ ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bi í pé: ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló máa san owó mi, ọ́fíìsì wo sì ni lẹ́tà mi á ti jáde? Ohun tó bá fi dá ẹ lóhùn ni kó o gbé ìpinnu rẹ lé. Ẹ̀rín ẹnu ẹ̀ kọ́.

* * *

Lẹ́yìn tí ìdáhùn yìí jáde, àwọn mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ẹnì kan láti Ìjẹ̀bú-Òde fi ìbínú kọ̀wé. Ó ní iṣẹ́ ẹnjiníà lòun kà, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbé òun sí, ẹ̀kọ́ Bíbélì ni wọ́n ní kóun máa kọ́ àwọn ọmọ. Ó ní ṣé torí èyí ni Gowon ṣe dá ètò yẹn sílẹ̀.

Kì í ṣe torí ẹ̀. Ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 1973 ni wọ́n ṣòfin rẹ̀, Decree 24. Ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970, wọ́n sì ń wá ohun tó máa mú kí ọmọ Yorùbá lọ gbé láàárín àwọn Hausa, kí ọmọ Ìgbò wá gbé láàárín wa, kí wọ́n jọ jẹun, kí wọ́n tiẹ̀ fẹ́ra wọn. Ẹni tí kò bá tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tó kàwé jáde gbọ́dọ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń ronú pé òun ń kó tíṣà jọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tó o bá dé ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n pín ẹ sí, kí ló wà níbẹ̀? Ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ò sí, báǹkì ò sí, ilé-ẹ̀kọ́ wà. Àjọ NYSC tó ń rí sí ìsìnrú ìlú alára ti sọ pé ibi mẹ́rin lòun fẹ́ máa gbé àwọn èèyàn sí: ẹ̀kọ́, ìlera, iṣẹ́ ọ̀gbìn, àti ohun amáyédẹrùn. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀kọ́ nìkan ló ń gba ẹnikẹ́ni láìbi í pé kí lo kà.

Ohun tó wá ń dùn mí ni èyí. Ìjọba àpapọ̀ ló ń san owó àgùnbánirọ̀. Kò ná gómìnà ní nǹkan kan tó tó nǹkan. Nígbà tí tíṣà físíìsì bá fẹ̀yìn tì ní abúlé, kí ló máa lé gómìnà níré láti gba òmíràn? Wọ́n á kọ̀wé sí NYSC, wọ́n á kó ọmọ tuntun wá, lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n á tún kó òmíràn wá. Àwọn kan máa ń jà mí níyàn pé bí kò bá sí àgùnbánirọ̀, ńṣe ni kíláàsì yẹn á ṣófo. Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ṣófo. Torí pé kò tíì ṣófo náà ni kò ṣe dun ẹnikẹ́ni nílé ìjọba.

Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ kí ẹni tó béèrè ìbéèrè yìí mọ̀ pé ipò tó wà yẹn kì í ṣe ipò tíṣà. Kò sí owó oṣù ìjọba ìpínlẹ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Tó bá kúrò, ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ ti wà ní káńpù, ó ń gbọ́ ìró fèrè ìdájí.

* * *

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, òun náà lẹ kúkú ń yí po.

Nígbà kan, 19,800 náírà làwọn àgùnbánirọ̀ ń gbà lóṣù. Ó di 33,000 lọ́dún 2020. Ní oṣù kẹsàn-án 2024 ni wọ́n fọwọ́ sí 77,000, wọ́n ní láti oṣù keje ló ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ oṣù kẹta 2025 kí owó náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àpò. Ní ti owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin, 70,000 ni láti oṣù keje 2024.

Ẹ wá wo ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Mo mọ ọ̀kan ní Ìbàdàn níbí tó ń fún ẹni tó ní digírì ní 40,000, tó tún ń yọ nínú ẹ̀ tó bá pẹ́ dé láàárọ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan bú sẹ́kún níwájú mi lọ́jọ́ tó gba owó oṣù àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó ní kákí òun ò tíì ṣá, owó òun ti dín kù. Bó ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn: ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí ìsìnrú ìlú ni wọ́n rélẹ̀ sí i.

Ẹni tó kọ̀wé láti Lẹkki pé ilé-ẹ̀kọ́ tòun ń sanwó tó dáa, òótọ́ lẹ sọ, mi ò jiyàn. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ńlá lọ́wọ́ òbí lè sanwó. Àmọ́ ẹ bá wa sọ ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó gbà yín. Ṣé torí pé ẹ ti wọ kákí rí ni? Ìrírí ni wọ́n béèrè, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ni wọ́n béèrè, wọ́n sì ní kẹ́ ẹ wá kọ́ kíláàsì kan lójú àwọn.

Owó lẹ́sìnnì náà wà níbẹ̀, ẹ ò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń bú tíṣà. Ẹni tó mọ mátíìsì tàbí kẹ́mísírì kọ́ ọmọ, tó ń lọ láti ilé kan sí èkejì nírọ̀lẹ́, owó yẹn máa ń ju owó oṣù rẹ̀ lọ. Mo ti jẹ nínú ẹ̀, mo mọ bó ṣe ń rí. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kì í fẹ́ kó o ṣe é fọ́mọ tiwọn, torí náà ka ìwé àdéhùn kó o tó fọwọ́ sí i. Àwọn kan tún máa ń ní kó o kó ojúlówó ìwé-ẹ̀rí rẹ wá káwọn bá ẹ tọ́jú ẹ̀, kó o má baà sá lọ láàárín táámù. Má fún wọn o. Fọ́tòkọ́pì ni.

* * *

Ẹ ti tó mẹ́ta báyìí tẹ́ ẹ kọ ọ́ pé ẹni tó bá ti mọ̀wé lè kọ́ni. Mi ò gbà, màá sì sọ ohun tójú mi rí.

Kebbi ni mo ti sìn, ní ìletò kan lọ́nà Argungu. Ọmọkùnrin kan wà tá a jọ ń gbé lọ́jì, fáàsì kíláàsì ló fi jáde nínú mátíìsì. JSS2 ni wọ́n fún un. Lọ́jọ́ kan mo jókòó lẹ́yìn kíláàsì rẹ̀, mò ń kọ rẹ́jísítà. Ó kọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àti ìdá kan nínú mẹ́jọ sójú pátákó, ó ní kí wọ́n rò ó pọ̀. Ó ṣàlàyé LCM dáadáa, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà. Ó bi wọ́n pé “Kun gane?”, ṣé ó yé yín? Gbogbo wọn hó pé “Eh!” Ìwé wọn mọ́ tónítóní, wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ pátá. Nígbà tó fún wọn ní ìṣirò tiwọn láti ṣe, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn rò òkè pọ̀ mọ́ òkè, wọ́n rò ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Mẹ́ta àti kan, mẹ́rin. Mẹ́rin àti mẹ́jọ, méjìlá. Ó bínú, ó ní wọn ò fọkàn sí i.

Malam kan ń kọ́ni ní kíláàsì kejì, NCE ló ní, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tí kò tó digírì. Ó wọlé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìrèké àti ọ̀bẹ. Ó gé ìrèké náà sọ́nà mẹ́jọ lórí tábìlì, ó ní kí ọmọ kan wá pín in sí mẹ́rin, méjì-méjì. Ó ní kó mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọmọ náà kó ẹyọ mẹ́fà. Ó ní kó fi ẹyọ kan kún un. Méje. Ó wá bi wọ́n pé ẹyọ mélòó ni ìrèké yìí kó tó di pé a fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní mẹ́jọ. Ó kọ méje lórí mẹ́jọ sójú pátákó, kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó ní kí wọ́n jẹ ìrèké wọn. Ọmọ kan tó ń jẹ ìrèké lọ́wọ́ ló pariwo pé bí wọ́n bá ro ìsàlẹ̀ pọ̀, á di pé ìrèké méjìlá ni tíṣà gé. Mo rí ìwé tí malam yẹn fi ń múra iṣẹ́ sílẹ̀. Lábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, orúkọ àwọn ọmọ tí kò yé ló kọ síbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń pariwo PGDE nìyẹn, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ fún ẹni tó ti ní digírì, kì í ṣe torí ìwé lásán. Ẹni tí kò ka ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń kọ́ni ní yunifásítì lè gbà á ní ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. NTI, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó ń kọ́ àwọn tíṣà, tí olú rẹ̀ wà ní Kaduna láti ọdún 1976, ń ṣe é, wọ́n ní ibùdó káàkiri ìpínlẹ̀. NOUN, yunifásítì ìjọba téèyàn ti lè kàwé láti ilé, ń ṣe é. Àwọn yunifásítì kan ń ṣe é lásìkò ìsinmi tíṣà. Lẹ́yìn ẹ̀ ni TRCN, àjọ tí òfin 1993 dá sílẹ̀, á wá fi ìdánwò dán ẹ wò, kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ sínú ìwé àwọn olùkọ́. Ẹ̀ka C ni ti àwọn tó ní digírì.

Bàbá kan fèsì pé PGDE ò ju kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ èèyàn, pé àwọn tó ń kọ́ wọn níbẹ̀ máa ń ka hándáùtì lásán. Sà, mo ti jókòó níbẹ̀, ẹ ò purọ́ tán. Hándáùtì pọ̀. Síbẹ̀ wọ́n á rán ẹ lọ sí kíláàsì, ẹnì kan á jókòó lẹ́yìn rẹ pẹ̀lú bírò, á sì máa kọ ohun tó o ṣe. Àgùnbánirọ̀ kì í rí ìyẹn. Àgùnbánirọ̀ lè kọ́ni fún odindi ọdún kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ ẹ́ wò nínú kíláàsì lẹ́ẹ̀kan.

* * *

Ìyá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ yà kúrò nínú ọ̀rọ̀ wa díẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ohun tí mò ń sọ dáa, àmọ́ ọmọ tàwọn ò ní lọ Òkè Ọya láéláé.

Mà, mi ò ní í bá yín jà. Ní oṣù kẹrin 2011, lẹ́yìn ìbò ààrẹ, àgùnbánirọ̀ mẹ́wàá ni wọ́n pa ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Iṣẹ́ ìbò ni wọ́n lọ bá ìjọba ṣe. Kò sẹ́ni tó lè ní kí ìyá gbàgbé ìyẹn. Ẹni tó bá ní ìdí tó ṣe gúnmọ́, bí àìsàn, ìgbéyàwó tàbí ààbò, lè kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n gbé òun lọ ibòmíràn, àtinú káńpù gan-an ni wọ́n sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín sí ni pé kẹ́ ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó pé ó mọ èèyàn ní Àbújá.

* * *

Ó yá, ètò ọlọ́dún méjì táwọn ọ̀rẹ́ rẹ sọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dárúkọ N-Power, ètò ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò tíì sunkún rẹ̀ tán. Ọdún 2016 ló bẹ̀rẹ̀, 30,000 náírà lóṣù, wọ́n sì kó ogunlọ́gọ̀ àwọn tó gboyè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2023, ìjọba ní kó dúró, àwọn tí wọ́n jẹ lówó sì ń fi ẹsẹ̀ lọ fi ẹsẹ̀ bọ̀. Àwọn kan ti fi ọdún méjì kọ́ ọmọ, wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà dunjú, àmọ́ nígbà tí ìpínlẹ̀ wọn kéde pé òun fẹ́ gba tíṣà, wọn ò ní PGDE, wọn ò ní TRCN. Ọwọ́ òfìfo ni wọ́n fi padà sílé. Ó ṣì ń dùn mí, torí owó fọ́ọ̀mù ò ju ohun tí wọ́n lè yọ nínú 30,000 yẹn díẹ̀díẹ̀.

Teach For Nigeria yàtọ̀ sí ìyẹn. Ọdún méjì ni tiwọn náà, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ládùúgbò àwọn tálákà ni wọ́n máa ń gbé èèyàn sí, wọ́n á sì kọ́ ẹ níṣẹ́ kí o tó wọ kíláàsì àti lẹ́yìn tó o bá wọ̀ ọ́. Ẹni tó kọ̀wé pé ọgbọ́n àtifi àwọn ọmọ olówó pitú lójú òyìnbó ni, èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn tí mo mọ̀ tó jáde níbẹ̀ mọ kíláàsì tọ́jú. Àríyànjiyàn tèmi pẹ̀lú wọn ni pé púpọ̀ nínú wọn kì í dúró. Wọ́n á lọ sí ilé-iṣẹ́ aládàáni, àwọn mìíràn á lọ kàwé sí i lókè òkun, ọmọ abúlé tí wọ́n kọ́ á sì tún máa retí ẹni tuntun. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ayé rẹ lò ń wá, bi ara rẹ pé ibo lo fẹ́ wà nígbà tí ọdún méjì yẹn bá pé, kó o sì fi PGDE há a láàárín.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ni Technical Aid Corps. Ọdún 1987 ni ìjọba dá a sílẹ̀, nígbà tí Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ọdún méjì lò ń lò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà, Caribbean àti Pacific ni wọ́n ń rán èèyàn lọ: tíṣà, dókítà, nọ́ọ̀sì. Ẹni tí kákí ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wá o, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ ni.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí ní jápa, mo ti rí yín. Ẹ rọra.

Láti oṣù kejì 2023, tíṣà tó gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ní Nàìjíríà lè kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ní England kí wọ́n fún un ní QTS, ìyẹn àṣẹ olùkọ́ tiwọn. Kì í ṣe gbogbo tíṣà. Ẹni tó lè kọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́rìndínlógún ní mátíìsì, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè ni wọ́n fẹ́. Wọ́n sì ń béèrè ọdún kan tó o fi kọ́ni lẹ́yìn tó o di olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́. Ẹ kíyè sí i: *lẹ́yìn*. Ọdún ìsìnrú ìlú tó o fi kọ́ni kó o tó gba PGDE ò wọ inú ẹ̀. Ìdí mìíràn rèé tí mo fi ní kí ọmọ bayokẹ́mísírì yìí má fi ìwé yẹn falẹ̀.

Ìbéèrè mìíràn wá láti Peckham. Ọmọ wọn kàwé jáde ní London, ó fẹ́ wálé wá ṣiṣẹ́, ṣé dandan ni kó sìn? Ẹ rántí Kẹ́mi Adéọ̀ṣun, tó fipò mínísítà owó sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2018 nítorí ìwé àyọ̀ǹda ayédèrú. Lọ́dún 2021, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ sọ pé kò pọn dandan fún un láti sìn, torí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà lábẹ́ òfin nígbà tó kàwé jáde, ó sì ti kọjá ọgbọ̀n ọdún kó tó gba ìwé ọmọ onílùú padà. Ẹ ò rí i pé ẹjọ́ tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò wo ti ọmọ yín kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

* * *

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ bàbá ẹ, torí kò tíì sẹ́ni tó gbèjà wọn.

Ohun tí bàbá ẹ mọ̀ ni àkókò tí tíṣà ò rí owó oṣù gbà, tí wọ́n ń ya owó lọ́wọ́ ìyá ìsọ̀, tí wọ́n ń fi wọ́n kọrin. Wọn ò purọ́. Kì í sì í ṣe eruku ṣọ́ọ̀kì ló ń bí wọn nínú, owó tí wọ́n ti ná ni.

Ṣùgbọ́n bó o bá wọlé síbi tí ìjọba ti gbà ẹ́ ní tòótọ́, àfiwé ò sí láàárín òun àti tíṣà PTA. Ẹni tó ní NCE máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ipele 7, ẹni tó ní digírì pẹ̀lú ìwé olùkọ́ ní ipele 8. Òfin tí Buhari fọwọ́ sí lọ́dún 2022 sọ pé tíṣà lè ṣiṣẹ́ títí di ọmọ ọdún 65 tàbí kó lo ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tó jẹ́ 60 tàbí ọdún 35 ni ti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó kù. Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló tètè tẹ̀lé e. Bá bàbá ẹ sọ ìyẹn, kó o sì mú ìwé dání nígbà tó o bá ń sọ ọ́. Bó o bá kàn ní “mo gbádùn kíláàsì,” wọ́n á ní ṣé kíláàsì ni wọ́n ń jẹ.

Ẹnì kan ní mò ń ta iṣẹ́ tíṣà. Mi ò tà á. Ẹni tí kò lè fara da ariwo ọmọ, tó ń ka wákàtí kí agogo lù, kó lọ wá nǹkan mìíràn ṣe láìbojúwẹ̀yìn, àwọn ọmọ yẹn náà á dúpẹ́. Tíṣà tí mo ń sá fún ni ẹni tó ní òun kàn dúró díẹ̀ ni, tí kò kàwé olùkọ́ torí pé ó ń lọ, tí kò sì lọ. Mo ń rí wọn ní yàrá ìsinmi tíṣà lójoojúmọ́, wọ́n ń ka ìkéde iṣẹ́ lórí fóònù nígbà tí kíláàsì wọn ń pariwo.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà dé. Ó ní òun bi ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní ìbéèrè yẹn, wọ́n sì sọ òótọ́ fún òun pé PTA ni. Ó ní òun ò ní dúró, òun á gba fọ́ọ̀mù PGDE. Ó wá ń béèrè bóyá ní Minna ni àbí nílé, àti bóyá bàọ́lọ́jì lòun á fi ṣe é.

Ọkàn mi balẹ̀ pé ọ̀gá yẹn kò purọ́ fún ẹ. Ibi tó o máa wà lásìkò tí wọ́n bá rán yín lọ kọ́ni ni kó o ti gbà á. Bó bá jẹ́ ilé lò ń lọ, ilé ni. Kẹ́mísírì ni kó o sì mú. Tíṣà bàọ́lọ́jì pọ̀ lóde, ti kẹ́mísírì ò pọ̀, ìwọ alára ti rí i níbi tó o wà.

Kó o tó kúrò, gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀gá yẹn lórí ìwé ilé-ẹ̀kọ́, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ní kí wọ́n kọ kíláàsì tó o kọ́, iṣẹ́ tó o kọ́ wọn, ọjọ́ tó o bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó o parí. Lẹ́tà tó bá kàn ní “ó bá wa ṣiṣẹ́ dáadáa” ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìwé-ẹ̀rí NYSC bá sì dé ọwọ́ rẹ, wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ rẹ kó o tó kúrò níwájú wọn, má sì lọ lámínéètì ẹ̀.